Kẹ́ Ẹ Tó Ra Fọ́ọ̀mù: Bí Èèyàn Ṣe Ń Ka Ìwé Másítà Lórí Ìdájọ́ Ọ̀daràn àti Ọgbà Àtúnṣe

Ìyá àgbàlagbà kan ló fà á tí mo fi ka ìwé yìí. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n kan la ti pàdé, níbi tí àwọn ará ilé ẹlẹ́wọ̀n máa ń jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n á fi pè wọ́n wọlé. Ó gbé kúlà oúnjẹ kékeré kan lé ẹsẹ̀. Agbẹjọ́rò kan ni mo bá lọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá rí fáìlì lọ́wọ́ mi, wọ́n rò pé lọ́yà lèmi náà. Wọ́n ní, "Lọ́yà, ẹ ṣàánú mi, ìgbà wo ni wọ́n máa dá ẹjọ́ ọmọ mi? Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí." Kì í ṣe pé ilé ẹjọ́ ti dá ọmọ náà lẹ́bi o. Wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rárá. Mi ò rí èsì kankan fún wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lọ ra fọ́ọ̀mù másítà. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, torí mo ra fọ́ọ̀mù kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ wádìí gan-an. Mo fi odindi ọdún kan ka gbogbo nǹkan, mi ò sì rí ìdí ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tí mo padà sídìí ìbéèrè ìyá yẹn ni iṣẹ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í lójú. Nítorí náà, bí mo ṣe máa to ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn: ìbéèrè ló ṣáájú, fọ́ọ̀mù ló tẹ̀ lé e. Nàìjíríà ni mo gbé ọ̀rọ̀ kà, ṣùgbọ́n màá yà sí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà díẹ̀ fún àwọn tó ń gbèrò àtilọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìbéèrè yín rí ná

Ẹ̀kọ́ yìí ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́, àti ọgbà àtúnṣe. Ẹ mú ẹsẹ̀ kan, kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n dunjú, kẹ́ ẹ sì mọ bó ṣe so mọ́ méjì tó kù. Tó bá jẹ́ ọgbà àtúnṣe lẹ mú, àsìkò tó dáa lẹ bọ́ sí, torí òfin ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ni.

Ọdún 1872 ni ìjọba amúnisìn dá ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street sílẹ̀ l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ tí àwa náà ń lò, ẹ̀wọ̀n, irin ló jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn ṣéènì tí wọ́n fi ń de èèyàn. Ibi tí ọgbà náà wà ti di Freedom Park báyìí. Bẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, ẹ lọ rìn yí ibẹ̀ ká kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo bí yàrá tí wọ́n ń ti èèyàn mọ́ ṣe kéré tó. Èrò pé kí a sáà ti èèyàn mọ́lé ló wà nídìí iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó di ọdún 2019, òfin tuntun dé, ó yí orúkọ Nigerian Prisons Service padà sí Nigerian Correctional Service, ó sì pín iṣẹ́ náà sí apá méjì. Apá kan ń bójú tó àwọn tó wà nínú ọgbà. Apá kejì ń bójú tó àwọn tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n jìyà tiwọn láàárín ìlú: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fi ara wọn ṣiṣẹ́ ìlú, àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ àbójútó, àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ kí ọjọ́ wọn tó pé, àti ètò tó ń pe ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jókòó kí wọ́n lè yanjú ohun tó bàjẹ́.

Òfin yẹn kan náà sọ pé bí ọgbà kan bá kún kọjá iye tó yẹ kó gbà, kí wọ́n fi tó àwọn aláṣẹ létí, kí àwọn yẹn sì wá nǹkan ṣe sí i láàárín oṣù mẹ́ta. Ó fún ọ̀gá àgbà ọgbà àtúnṣe ní ìpínlẹ̀ lágbára láti kọ̀ láti gba ẹlòmíràn wọlé sí ọgbà tó ti kún. Lọ́dún 2023, àtúnṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa mú ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n kúrò ní ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti láṣẹ báyìí láti ní tiwọn.

Ẹ wo iye ìbéèrè tó wà nínú èyí tí mo sọ yìí. Ṣé ọ̀gá kankan ti lo agbára tí òfin fún un láti kọ ẹlẹ́wọ̀n tuntun? Kí ló dé tí àwọn adájọ́ májísíréètì kì í fi bẹ́ẹ̀ ran èèyàn lọ síbi iṣẹ́ ìlú? Ta ló ń tẹ̀ lé ọmọ tó bá kúrò ní Bọ́sítà Abẹ́òkúta délé, níbi tí wọ́n ń fi àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sí ogún sí? Àwa Yorùbá máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ètò ìpàdé láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ń sọ pé ó ṣeé ṣe. Àbí ṣé torí pé kóòtù ò mọ bí àwọn mọ̀lẹ́bí ṣe ń parí ìjà lórí ẹní ni òwe yẹn ṣe rí bẹ́ẹ̀? Èyí nìkan tó àpilẹ̀kọ fún ẹni tó bá gbọ́ èdè wa dáadáa.

Ohun tí mo máa rọ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ lọ jókòó sí ilé ẹjọ́ májísíréètì tó súnmọ́ yín fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Gbangba ni ilé ẹjọ́ wà, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé, bó bá ti wọṣọ tó bójú mu, tó sì pa fóònù rẹ̀. Ẹ mú ìwé kékeré dání. Gbogbo ìgbà tí adájọ́ bá sún ẹjọ́ síwájú, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa gbọ́ pé ọlọ́pàá tó wádìí ẹjọ́ náà ò yọjú, wọ́n ti gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ máa gbọ́ pé ìmọ̀ràn ò tíì dé láti ọ́fíìsì DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹ máa gbọ́ pé mọ́tò ò sí láti fi gbé olùjẹ́jọ́ wá láti ọgbà. Ẹ máa rí ẹni tí wọ́n fún ní béèlì, àmọ́ tí kò rí onídùúró tó nílé lórí ilẹ̀ láàárín ìlú náà. Lọ́jọ́ kẹta, ìwé kékeré yẹn á ti máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé nǹkan bíi méjì nínú èèyàn mẹ́ta tó wà nínú àwọn ọgbà wa ni kò tíì gba ìdájọ́. ATM ni àwọn wọ́dà ń pè wọ́n, ìyẹn awaiting trial. Ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lára láti ìsinsìnyí pé ẹni tó wà nínú ọgbà kì í ṣe ọ̀daràn títí ilé ẹjọ́ á fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó máa hàn nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ.

Bí ìbéèrè bá ti wà, ẹ fún un pọ̀. "Ìṣòro ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà" kì í ṣe ìbéèrè, igbó kìjikìji ni. "Kí ló fà á tí àwọn tí wọ́n fún ní béèlì ní kóòtù kan n'Íbàdàn kì í fi lè jáde láàárín oṣù mẹ́ta?" ní ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan orúkọ oyè tó bá ìbéèrè náà mu

Ọ̀pọ̀ ló máa ń wá "másítà nínú criminal justice and corrections" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọn ò sì rí orúkọ yẹn ní yunifásítì wa kankan, wọ́n á wá rò pé a ò ní i. A ní i, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ níbí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, abẹ́ ẹ̀ka sociology ló wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ á mú ìwà ọ̀daràn àti ìjìyà gẹ́gẹ́ bí ojú iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn mìíràn ti ya á sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè é ní Criminology and Security Studies. Ẹni tó bá kàwé lọ́yà lè ṣe LL.M., ìyẹn másítà nínú ìmọ̀ òfin, kó mú àwọn kọ́ọ̀sì tó dá lórí ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àti ìpadàsílé ẹlẹ́wọ̀n bá ká lára lè ṣe másítà iṣẹ́ ìgbáyégbádùn, ìyẹn social work. Èyí tó kẹ́yìn yìí, àwọn èèyàn kì í kà á sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló bá iṣẹ́ àtúnṣe mu jù lójú tèmi.

Ìbéèrè tèmi dá lórí ohun tí ojú àwọn ATM ń rí àti ìdí tí ẹjọ́ wọn fi ń pẹ́, nítorí náà sociology ló gbà á. Ká ní ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá òfin kan bá ìwé òfin ilẹ̀ wa mu, ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà ni ǹ bá lọ.

Ìyàtọ̀ kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. M.Sc. wà, másítà àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní professional náà wà. Ti òṣìṣẹ́ máa ń wáyé lópin ọ̀sẹ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, ó sì máa ń wọ́n jù, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi kò lè gbé yín lọ tààrà sí ẹ̀kọ́ dókítà. Bẹ́ ẹ bá ní i lọ́kàn pé ẹ̀ ń bọ̀ wá di olùkọ́ yunifásítì, M.Sc. ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, bóyá wọ́n fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe yunifásítì náà nìkan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oyè oṣù díẹ̀ láti Kutonú tàbí Lómé tàn yín jẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ìgbàwọlé ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba oyè yunifásítì ní Kutonú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó kàwé lóòótọ́ níbẹ̀ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò dá. Nínú iṣẹ́ tó jẹ́ pé òótọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìwé ẹ̀rí tó ní àbùkù á máa lé yín kiri títí ayé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé

Ó kéré tán, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè second class lower, pẹ̀lú krédíìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, tí Gẹ̀ẹ́sì máa wà níbẹ̀, tí ìṣirò náà sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó ní HND máa kọ́kọ́ ṣe PGD, ìyẹn postgraduate diploma. Ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé ìdásílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ NYSC gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ẹ máa nílò ẹni mẹ́ta tó máa kọ̀wé jẹ́rìí yín. Ó kéré tán, kí méjì nínú wọn jẹ́ olùkọ́ tó kọ́ yín. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ rán wọn létí ọdún tẹ́ ẹ jáde, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kà àti ìdí rẹ̀.

Transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì yín, ló máa ń pa èèyàn lára. Ilé ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ti jáde ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ tààrà, ọwọ́ yín kọ́ ló máa gbà kọjá. Tèmi gba oṣù mẹ́fà. Mo sanwó, mo fọ́ọ̀lọ̀-ọ́ọ̀pù, mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó rí fáìlì mi lábẹ́ tábìlì kan. Ẹ béèrè fún tiyín lónìí, kódà bí ẹ ò bá tíì mọ yunifásítì tẹ́ ẹ máa lọ. Bí orúkọ yín bá yàtọ̀ nínú ìwé kan sí òmíràn, bóyá ẹ ti lọ́kọ tàbí wọ́n kọ ọ́ síwájú sẹ́yìn, ẹ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù kẹ́ ẹ tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Ìdánwò àbáwọlé kò le. Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ sọ ìbéèrè yín fún wọn. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú ìbéèrè tó fi ojú ara rẹ̀ rí ní kóòtù yàtọ̀ gedegbe sí ẹni tó ń sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ ìdájọ́ òdodo.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: owó, àsìkò, àti àṣẹ ọ̀gá

Ẹ wo owó iléèwé ọdún méjì, kì í ṣe ti ọdún kan, kẹ́ ẹ sì fi owó ìwádìí kún un: owó ọkọ̀ lọ sí ọgbà, ìwé títẹ̀, owó ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò. M.Sc. tí wọ́n ní oṣù méjìdínlógún sábà máa ń kọjá ọdún méjì, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ò sì sí nínú ìṣirò yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ wọ́dà, ọlọ́pàá, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ kọ̀wé gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó wọlé. Mo mọ ọ̀gá kan tó fi owó ara rẹ̀ kàwé, tó ń lọ lópin ọ̀sẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dé, wọ́n ní kò sí nínú fáìlì pé ó gbàyè, wọn ò sì kà á fún un títí di òní. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà sílé.

Bó bá jẹ́ òkè òkun lẹ fẹ́ lọ

Ìlú Ọba máa ń gba ọdún kan péré. Yunifásítì Cambridge ní Institute of Criminology láti ọdún 1959, wọ́n sì ní másítà part-time kan tí àwọn ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n àti àwọn tó wà nídìí àbójútó ẹlẹ́wọ̀n máa ń wá ṣe láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ẹ gbìyànjú Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìlú Ọba ń fúnni. Oṣù kẹjọ ni fọ́ọ̀mù sábà máa ń jáde, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé ẹ máa padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá lọ ṣe másítà oníkíláàsì kò lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ dání mọ́. Ẹ bá ilé yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Owó tó wà ní báńkì sì gbọ́dọ̀ ti sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko láìdín.

Ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ lẹ máa ti rí orúkọ Criminal Justice gan-an. John Jay College wà ní New York, lábẹ́ yunifásítì ìlú náà. Sam Houston State University wà ní Huntsville ní Texas, ìlú tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ náà wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń rí ohun tó ń kà lójú títì. Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá kò lè gba físà akẹ́kọ̀ọ́ fún yín. Bákan náà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ò lè retí iṣẹ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀, Federal Bureau of Prisons. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ti di ọmọ onílùú níbẹ̀ ni ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀ fún, ẹ̀yin náà sì ní gbèdéke ọjọ́ orí: ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógójì kẹ́ ẹ tó wọṣẹ́.

Lójú mi, bó bá jẹ́ ọgbà Nàìjíríà lẹ fẹ́ tún ṣe, ilé ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ kàwé. Òkè òkun dára fún ẹni tó ti mọ ohun tó ń wá lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: inú kíláàsì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Wọ́n máa kọ́ yín ní èrò àwọn ọ̀mọ̀wé lórí ìdí tí èèyàn fi ń ṣẹ̀ sófin, ìtàn ìjìyà, ọ̀nà ìwádìí, àti statistics. Ẹ má ṣe kọ́ èrò wọ̀nyẹn sórí bí ewì. Bí wọ́n bá kọ́ yín pé orúkọ burúkú tí ìlú bá sọ èèyàn lè sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń pè é, ẹ ronú kan ọmọ àdúgbò tí gbogbo èèyàn ń pè ní olè láti kékeré torí pé ó jí ẹja nínú ọbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, pẹ̀lú èdè tó bójú mu. Statistics lẹ má ṣe sá fún. Àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ ló ń fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn ṣe, wọn kì í sì í lè ṣàlàyé tábìlì ara wọn lọ́jọ́ ìgbèjà àpilẹ̀kọ.

Òfin mẹ́ta wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ka látòkèdélẹ̀ fúnra yín: òfin ọgbà àtúnṣe ọdún 2019, òfin ìṣètò ìdájọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ọdún 2015 tí gbogbo èèyàn ń pè ní ACJA, àti ti ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti máa ṣèwádìí. Èkó ló kọ́kọ́ ṣe irú èyí, lọ́dún 2007. ACJA sọ pé kí májísíréètì máa ṣèbẹ̀wò sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wo àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Ẹ ka irú ìlà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ béèrè ní àgọ́ bóyá ó ń ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìyọ̀ǹda láti wọ ọgbà

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kú. Wọ́n á kọ àbá ìwádìí tó dùn, wọ́n á wá dé ẹnu géètì, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wọlé. Ẹ gba lẹ́tà láti ẹ̀ka yín, tí olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí. Ẹ kọ lẹ́tà tiyín sí ọ̀gá àgbà pátápátá ní Àbújá, kẹ́ ẹ gbé e gba ọwọ́ ọ̀gá ìpínlẹ̀ tí ọgbà náà wà. Ẹ so àbá ìwádìí, ìwé ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ bi àwọn èèyàn, káàdì akẹ́kọ̀ọ́, àti ìwé ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò pọ̀ mọ́ ọn.

Ìgbìmọ̀ yẹn máa yẹ̀ yín wò fínnífínní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní àhámọ́ kò lómìnira láti sọ pé rárá bí èmi àti ẹ̀yin. Bí wọ́dà bá tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wá bá yín, ṣé ìyọ̀ǹda nìyẹn? Ẹ kọ sínú àbá yín bẹ́ ẹ ṣe máa bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣàlàyé fún un ní Yorùbá, Píjìn tàbí Hausa pé ó lè kọ̀, pé kò sì sí ohun tó máa ṣe é bó bá kọ̀.

Ní tèmi, lẹ́tà mi sọnù lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ òmíràn, mo fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ, mo gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí ẹ̀dà mi. Nọ́ńbà yẹn ló gbà mí là, torí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ pé àwọn ò rí i, mo kàn nà án sí wọn ni.

Ìgbésẹ̀ keje: inú ọgbà

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ sínú mọ́tò tàbí sílé. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni láti mú un wọlé láìgbàyè. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ náà kò ní wọlé àfi tí ìwé ìyọ̀ǹda yín bá dárúkọ rẹ̀. Ìwé àti bírò ni irinṣẹ́ yín. Ẹ kọ́ láti máa kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké, kẹ́ ẹ sì jókòó sínú mọ́tò bẹ́ ẹ bá jáde, kẹ́ ẹ kọ ìyókù kí ó tó di pé ẹ délé, torí oorun á gbé ìdajì rẹ̀ lọ.

Ẹ kí àwọn wọ́dà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Iṣẹ́ tó le ni wọ́n ń ṣe, inú ọgbà kan náà ni àwọn náà ń lo ọjọ́ ayé wọn, kì í sì í pọ̀ ẹni tó ń bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn ń rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò náà. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Àpilẹ̀kọ tó bá gbọ́ ẹnu ẹlẹ́wọ̀n nìkan tàbí ẹnu wọ́dà nìkan, ẹjọ́ ẹnì kan ló dá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ náà lọ, àti ìdílé tó wà nílé. Ìdílé ni àwọn olùwádìí máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń ru kúlà oúnjẹ kiri.

Ẹ má ṣe bi ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù bóyá ó ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ fún yín lè di wàhálà sí i lọ́rùn. Ẹ béèrè ọjọ́ tó wọlé, iye ìgbà tó ti lọ sí kóòtù, bóyá ó ní lọ́yà, ohun tó ń jẹ, ẹni tó ń wá wò ó. Ẹ má kọ orúkọ. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà.

Wọ́n máa bẹ̀ yín. Ọmọdékùnrin kan fún mi ní nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀, tó ti kọ́ sórí, ó ní kí n sáà sọ fún wọn pé òun ṣì wà láàyè. Kò yẹ kí olùwádìí di ońṣẹ́. Kò sì yẹ kí èèyàn gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó lọ sùn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bi òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ọgbà náà bóyá ọ̀nà tó bófin mu wà. Ó wà. Òun ló pe ìyá náà, lójú mi. Ẹ mọ orúkọ òṣìṣẹ́ yẹn àti ti Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ní ìpínlẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ lè ní ibi tẹ́ ẹ máa júwe. Ẹ má ṣèlérí ìtúsílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láéláé. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin láìdájọ́ á gbé ọ̀rọ̀ yín lé àyà, á máa ka ọjọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ tọ́jú ọkàn yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò lè jẹun alẹ́ mọ́. Alábòójútó mi ló ní kí n má ṣe lọ jù ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí n sì máa wá jókòó ti òun lọ́jọ́ Jímọ̀ kí n sọ ohun tí mo rí. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kíkọ àti ìgbèjà

Ẹ kọ orí tó sọ ohun tẹ́ ẹ rí ṣáájú, nígbà tó ṣì gbóná. Orí àkọ́kọ́ lè dúró. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé bo ohùn àwọn èèyàn yín mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n sọ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ tó fi Gẹ̀ẹ́sì sí i. Lọ́jọ́ ìgbèjà, àwọn olùyẹ̀wò máa bi yín pé báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ẹ mú ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ ní kóòtù jáde, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ATM sọ àti ohun tí ìwé ọgbà sọ. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe rẹ́gí ni kẹ́ ẹ dúró lé, ibi tí wọn ò ti bára mu, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: lẹ́yìn oyè

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ iṣẹ́ ọgbà àtúnṣe, CDCFIB, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún iṣẹ́ ọgbà àtúnṣe, sífú dìfẹ́ǹsì, panápaná àti ìmígíréṣọ̀n, ló ń gbani síṣẹ́, gbèdéke ọjọ́ orí sì wà tí másítà kì í sún síwájú, nítorí náà ẹ má pẹ́. Apá tó ń bójú tó ìjìyà láàárín ìlú ló ń wá irú yín jù. Legal Aid Council wà, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò fún aláìní wà l'Ékòó, àwọn àjọ bíi PRAWA, tó ti wà nídìí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n láti ọdún 1994, náà wà. National Open University ní ibùdó ẹ̀kọ́ nínú àwọn ọgbà kan. Ẹni tó bá ní másítà lè bèèrè bóyá wọ́n nílò olùkọ́ níbẹ̀. Àwọn tí òfin ìpínlẹ̀ lórí ọgbà àtúnṣe máa wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ iwájú kò níí pẹ́ wá ẹni tó ti wọ inú ọgbà rí, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwa má bàa da èyí tó wà l'Ábùjá kọ.

Bí wọ́n bá ti di àpilẹ̀kọ yín tán, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá ìpínlẹ̀, ẹ̀dà kan sí ọgbà tẹ́ ẹ ti ṣèwádìí. Ẹ kọ ojú ìwé méjì mìíràn ní Yorùbá tó já gaara, kẹ́ ẹ sì béèrè àyè láti lọ kà á sí àwọn tó bá yín sọ̀rọ̀ létí. Èmi lọ. Nínú àwọn mẹ́tàlélógún tí mo bá sọ̀rọ̀, mọ́kànlá ló ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè, ó ní ọjọ́ tí mo kọ fún ìgbà tó kẹ́yìn tóun lọ sí kóòtù kò tọ̀nà, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì lé sí i. Mo mú bírò, mo tún un kọ níbẹ̀.